Bí ẹ ṣe lè gbafẹ́ lórí ẹsẹ̀, kí ẹ sì jókòó wo èèyàn ní Phoenix, ìlú aṣálẹ̀ tó tẹ́ rẹrẹ

Nígbà tí màmá mi wá láti Ìbàdàn láti bá wa gbọ́mọ, ọjọ́ kẹta ni gbogbo nǹkan ti sú u. Kì í ṣe ọmọ ló sú u o. Ojú fèrèsé ló dúró sí, ó ń wo títì àdúgbò wa láti àárọ̀ títí oòrùn fi fẹ́ẹ̀ wọ̀, ló bá bi mí pé, "Ṣé kò séèyàn ládùúgbò yìí ni?" Mo ní èèyàn wà. Ó ní, "Níbo ni wọ́n wà?" Kí n tó dáhùn, ilẹ̀kùn gáréèjì aládùúgbò wa ká sókè fúnra rẹ̀, ọkọ̀ wọlé, ilẹ̀kùn tún padà bọ́ sílẹ̀. Màmá wò mí, èmi náà wo màmá.

Ìbéèrè yẹn ló bí ohun tí mò ń kọ yìí. Phoenix ní ìpínlẹ̀ Arizona kì í ṣe ìlú kékeré. Ètò ìkànìyàn ọdún 2020 ka èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 1.6 nínú ìlú náà nìkan, bí a bá sì ka Mesa, Tempe, Scottsdale, Chandler, Glendale àti àwọn ìlú yòókù tó lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sún mọ́ mílíọ̀nù márùn-ún. Èèyàn pọ̀, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ni wọ́n wà. Ẹni tó ti ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti kékeré, tí ẹni tó ń kọjá ń kí i, tí òun náà ń dá a lóhùn, irú ìlú báyìí lè mú ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Mo ti rí i lára ọ̀pọ̀ òbí tó wá kí ọmọ níbí. Ohun tí mo sì ti kọ́ bí mo ṣe ń gbé wọn kiri ni pé ibi tí èèyàn ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ wà, ó sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹ kò ní í ṣèèṣì bá a pàdé. Ẹ óò wá a lọ ni. Wákàtí tí ẹ bá sì lọ ló ṣe pàtàkì ju ibi tí ẹ lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yan wákàtí kí ẹ tó yan ibi

Aṣálẹ̀ Sonoran ni ìlú yìí wà. Láti nǹkan bí ìparí oṣù kẹwàá títí dé oṣù kẹrin, ojú ọjọ́ ń tuni lára, ẹ lè jáde lọ́sàn-án gangan kí ẹ má sì rí ìjàǹbá kankan. Ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, ẹ óò tiẹ̀ wá suwẹ́tà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìgbà yẹn náà ni àwọn àgbàlagbà láti apá àríwá Amẹ́ríkà àti Kánádà, tí wọ́n ń sá fún yìnyín, máa ń dé, nítorí náà èrò ìta ń pọ̀ sí i. Bí ẹ bá lè yan ìgbà tí òbí yín máa wá, ẹ yan oṣù kejì tàbí oṣù kẹta. Lóṣù kẹta, igi ọsàn ń yọ òdòdó láwọn àdúgbò àtijọ́, òórùn dídùn rẹ̀ á bá yín lójú ọ̀nà kí ẹ tó rí igi náà.

Láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ yí padà. Lọ́dún 2023, ọjọ́ 31 ló tẹ̀lé ara wọn tí ooru ọ̀sán ò fi rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n 43 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn 110 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit tí wọ́n ń lò níbí. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1990, ó dé 50 Celsius. Ẹni tó bá ti Èkó wá á sọ pé òun mọ ooru. Kò mọ irú èyí. Ooru ti ilé ń mú èèyàn làágùn, aṣọ á lẹ̀ mọ́ni lára, èèyàn á sì mọ̀ pé òun nílò omi. Ooru ibí gbẹ táútáú. Òógùn á ti gbẹ kó tó kán, ara yín á dà bí ẹni pé kò sí nǹkan, bẹ́ẹ̀ omi ara ti ń tán lọ.

Nítorí náà, nígbà ooru, àkókò méjì péré ló wà fún ìta. Àkọ́kọ́ ni láti ìdájí títí di bí aago mẹ́jọ àárọ̀. Lóṣù kẹfà, oòrùn ti ń yọ ní bí aago márùn-ún ààbọ̀, torí Arizona kì í yí aago síwájú nígbà ooru bíi ti àwọn ìpínlẹ̀ tó pọ̀ jù lọ ní Amẹ́ríkà. Èkejì ni lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ìyẹn lẹ́yìn bí aago mẹ́jọ alẹ́. Kódà lálẹ́ náà, ẹ fi ọwọ́ kan kọnkéré, ẹ óò rí i pé ó ṣì gbóná, torí ó ti mu oòrùn sára láti àárọ̀. Ohun tó wà láàárín àkókò méjèèjì, inú ilé ni, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Màá dé orí ìyẹn.

Láti àárín oṣù kẹfà títí dé òpin oṣù kẹsàn-án, ìjì eruku lè dé. Bí ẹ bá rí i tí ojú ọ̀run ní ọ̀ọ́kán di ògiri aláwọ̀ ilẹ̀, tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ má dúró wò ó. Ẹ wọlé.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹrù tó yẹ kó wà lọ́wọ́

Omi ló ṣáájú gbogbo rẹ̀, ìgò ńlá kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ kí òǹgbẹ tó gbẹ yín. Ẹ mú nǹkan oníyọ̀ díẹ̀ dání pẹ̀lú, ẹ̀pà tàbí ṣinṣín. Bùbá òwú tó fẹ̀ dára ju aṣọ tó fún mọ́ni lára. Akẹtẹ̀ dára ju fìlà, nítorí ó ń bo ọrùn. Màmá mi mú agbòòrùn ti ara rẹ̀ wá láti ilé, ó sì ń ṣí i kiri ní títì. Ó ń tì mí lójú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àfi bí obìnrin òyìnbó kan ní ibùdókọ̀ ṣe sún mọ́ wa pé kí òun jọ̀wọ́ pín níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, agbòòrùn méjì ló wà nínú ọkọ̀ mi.

Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Sílípáàsì rọ́bà kò dára lórí kọnkéré ọ̀sán, ọmọdé tó bá sì ṣubú sílẹ̀ lóṣù keje, ilẹ̀ lè jó o lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àga irin tí oòrùn ti ń pa. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án kí ẹ tó jókòó.

Bí òòyì bá ń kọ́ ẹnì kan nínú yín, tí orí ń fọ́ ọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò já gaara mọ́, ìgbafẹ́ ti parí. Ẹ gbé e wọ ibi tútù, ẹ fi omi tutù sí i lára, kí ẹ sì pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì ibí. Ẹ má sọ pé kó kàn sinmi díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ bí ìlú ṣe lọ, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ ojú irin

Bí pátákó ayò ọlọ́pọ́n tó lójú lójú ni ìlú yìí ṣe rí. Central Avenue ló là á sí méjì. Gbogbo òpópónà oní-nọ́ńbà tó ń jẹ́ Avenue wà ní apá ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, gbogbo èyí tó ń jẹ́ Street wà ní apá ìlà oòrùn. Ẹni tí wọ́n ní kó lọ sí 7th Street tó bá lọ sí 7th Avenue, ó ti fi máìlì kan ṣòfò. Àárín títì ńlá kan sí èkejì sábà máa ń tó máìlì kan, ìyẹn ìrìn ogún ìṣẹ́jú fún ẹni tára rẹ̀ le. Lórí máàpù, wọ́n á jọ pé wọ́n sún mọ́ra. Wọn ò sún mọ́ra rárá. Ẹsẹ̀ kò lè gbé yín káàkiri Phoenix. Ohun tí ẹsẹ̀ lè ṣe ni pé kó gbé yín kiri inú erékùṣù kéékèèké tí èèyàn wà, kí ọkọ̀ wá gbé yín láti erékùṣù kan dé èkejì.

Ọkọ̀ ojú irin Valley Metro ni mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí. Oṣù kejìlá ọdún 2008 ló bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 2025, ọ̀nà méjì ló ní: ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní A ń lọ láti àárín ìlú Phoenix gba Tempe dé Mesa, ọ̀nà B ń lọ láti àríwá sí gúúsù ìlú. Àárín ìlú ni méjèèjì ti ń pàdé. Dọ́là 2 ni owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀kan, dọ́là 4 fún gbogbo ọjọ́, àwọn tó bá sì ti pé ọdún 65 ní ẹ̀dínwó. Ẹni tó bá ń ti pápákọ̀ òfuurufú Sky Harbor bọ̀ lè wọ Sky Train, ọkọ̀ ojú irin pápákọ̀ náà, lọ́fẹ̀ẹ́ dé ibùdókọ̀ 44th Street.

Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ tó ìran. Òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tó ń sùn lórí ìjókòó, akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ́ sórí ìkọ́, ìyá ará Mẹ́síkò tó ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ èdè Sípéènì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, gbogbo wọn á wà níbẹ̀ ní wákàtí kan. Ojú fèrèsé ọkọ̀ ni màmá mi ti kọ́kọ́ sọ pé, "Háà, wọ́n tiẹ̀ pọ̀."

Ọ̀rọ̀ kan nípa títì. Àwọn títì ńlá ibí lè ní ipa ọkọ̀ mẹ́fà tàbí méje, eré tí ọkọ̀ ń sá níbẹ̀ kì í ṣe kékeré, wọ́n sì ń pa ẹlẹ́sẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ má sáré kọjá láàárín títì bí a ṣe ń ṣe ní Mókọ́lá. Ẹ rìn dé ibi iná, ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ dúró títí àwòrán ẹni tó ń rìn fi yọ, kí ẹ sì tún wo ọkọ̀ tó fẹ́ yà sọ́tùn-ún kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ fi àárín ìlú bẹ̀rẹ̀, láàárọ̀ Sátidé

Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Roosevelt tó wà lórí Central. Láàárọ̀ Sátidé, àwọn àgbẹ̀ àti alásè máa ń pàtẹ sí ọjà àárín ìlú, ìrìn díẹ̀ sí ìlà oòrùn ibùdókọ̀ náà. Kì í ṣe ọjà bíi Bódìjà o, kò sí ẹni tó máa fà yín láṣọ, ẹ̀yin náà kò sì gbọdọ̀ ná owó wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà ni: oyin wà, ọsàn oríṣiríṣi, èso déètì tó tóbi bí àtàǹpàkò, tamale tó ń rú èéfín nínú èèpo àgbàdo. Tamale yẹn ni màmá mi tú wò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Ọ̀lẹ̀lẹ̀ àgbàdo rèé." Kò jìnnà sóòótọ́. Ajá pọ̀ níbẹ̀ bí èèyàn. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ajá, kó má sá, kó kàn dúró jẹ́ẹ́, olówó rẹ̀ á fa okùn rẹ̀ sẹ́yìn.

Láti ibẹ̀, ẹ rìn gba Roosevelt Row. Àwòrán ara ògiri ló kún ibẹ̀, ilé sí ilé, ẹ sì lè fi wákàtí kan wò wọ́n. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ibẹ̀ máa ń kún jù lálẹ́. Wọ́n ń pè é ní First Fridays. Àwọn ilé àwòrán á ṣí ilẹ̀kùn, oníṣòwò á tẹ́ tábìlì, onílù á ti ibì kan máa lù, oníwàásù á dúró sórí àpótí, àwọn ọ̀dọ́ á máa jó yí i ká. Bí ẹ bá mú àgbàlagbà lọ, ẹ débẹ̀ láago mẹ́fà, kí ẹ kúrò ní bí aago mẹ́jọ kí ariwo tó gba gbogbo ibẹ̀. Ẹ má sì wa ọkọ̀ lọ lálẹ́ yẹn. Ẹ óò pẹ́ níbi tí ẹ ti ń wá ibi gbé ọkọ̀ sí ju ibi tí ẹ ti ń wòran lọ.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù láàárín ìlú ni Civic Space Park. Àwọ̀n ńlá kan gbé ara rẹ̀ kọ́ sókè níbẹ̀, ó ga tó mítà 44, iṣẹ́ ọwọ́ Janet Echelman ni, ọdún 2009 ni wọ́n gbé e kọ́. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, á máa mì bí agbádá ẹni tó ń jó. Lálẹ́, iná aláràbarà á tàn sí i. Ẹ tẹ́ aṣọ sórí koríko lábẹ́ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ Arizona State University ní ẹ̀ka níwájú rẹ̀, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ kì í wọ́n: àwọn tó ń kàwé, àwọn tó ń ṣe bí ẹni ń kàwé, àwọn méjì tó ń jà láìpariwo. Ìran tó dára, ẹni tó bá ní sùúrù ló ń rí i, nítorí náà ẹ fún ibi kan ní ogójì ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ẹni tó ń sáré láti ibì kan sí èkejì, ilé ló máa rí, kò ní í rí èèyàn.

Ẹ lè kọjá sí Heritage Square níbi tí Rosson House wà, ilé tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1895. Àga wà lábẹ́ igi, ilé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fún àwọn ọmọdé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kíláàsì ilé ìwé odindi á tò kọjá níwájú yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ọjọ́ kan odindi fún Tempe

Bó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo lẹ ráàyè lọ, Tempe ni kí ẹ lọ. Ẹ wọ ọkọ̀ A, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Mill Avenue àti 3rd Street, kí ẹ rìn sí àríwá dé etí omi.

Adágún omi tí ẹ óò rí yẹn, Tempe Town Lake, orí ilẹ̀ odò Salt River ló wà. Odò náà gbẹ níbẹ̀ nítorí àwọn ìdídò tó wà lókè rẹ̀ ti gba omi rẹ̀ fún ìlú àti oko. Lọ́dún 1999 ni wọ́n dá omi padà sí apá kan rẹ̀. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yí i ká, àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ á máa kọjá lábẹ́ afárá Mill Avenue, ẹni mẹ́jọ nínú ọkọ̀ kan, àjẹ̀ mẹ́jọ á sì bọ́ sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló dára jù. Oòrùn ń wọ̀ ní òpin adágún náà, gbogbo ojú omi á pọ́n bí epo.

Ẹ wá yí padà, kí ẹ gba Mill Avenue lọ sí gúúsù. Ilé ìlọkà Hayden àtijọ́ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, òkè kékeré tí wọ́n kọ lẹ́tà A ràgàjì sí lára á wà lẹ́yìn rẹ̀. Igi wà ní ojú ọ̀nà náà, ilé ìjẹun tẹ́ àga síta, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ fẹ̀. Ẹ ra tíì kan, ẹ jókòó síta, ẹ óò sì lè jókòó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bi yín ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ ra nǹkan o. Kò dára kí èèyàn mẹ́ta gba tábìlì wákàtí méjì lórí omi ọ̀fẹ́.

Bí ẹ bá dé University Drive, ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga náà bẹ̀rẹ̀. Ìta gbangba ni, kò sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti máa bi yín léèrè. Palm Walk ni kí ẹ wá, ọ̀nà tí igi déètì tò sí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ lọ lọ́jọ́ iṣẹ́, kí ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí kíláàsì bá ń yí padà. Ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀nà á ṣófo. Ní ìṣẹ́jú kejì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ á tú jáde, ará Íńdíà, ará Ṣáínà, ọmọ Navajo láti àríwá ìpínlẹ̀ yìí, ọmọ Phoenix gangan, olúkúlùkù pẹ̀lú àpò lẹ́yìn.

Níbẹ̀ la jókòó sí lọ́sàn-án ọjọ́ kan lóṣù kọkànlá, tí màmá ń ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ tí mo ti bà jẹ́ lálẹ́ àná. Ọmọkùnrin kan ń kọjá lọ, ohun ìgbọ́rin wà létí rẹ̀. Ó rìn kọjá wa bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó dúró. Ó yọ nǹkan létí. Ó padà wá, ó kó ìwé sí apá òsì, ó tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀: "Ẹ káàsán mà." Màmá mi dìde dúró. "Káàsán, ọmọ mi. Ọmọ ibo ni ọ́?" Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí kíláàsì tó ń lọ fi kọjá lórí rẹ̀. Nígbà tí a ń darí sílé nínú ọkọ̀ ojú irin, màmá kò sọ ọ̀rọ̀ adágún, kò sọ ọ̀rọ̀ igi déètì. Ó kàn ń tẹnu mọ́ ọn pé, "Ọmọ yẹn rù jù. Ta ló ń se oúnjẹ fún un?" Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀lé e, a padà lọ síbẹ̀ pẹ̀lú kúlà ìrẹsì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Scottsdale àti àwọn yòókù

Ọkọ̀ ojú irin kò dé Scottsdale. Bọ́ọ̀sì nọ́ńbà 72 ń lọ láti Tempe, tàbí kí ẹ wa ọkọ̀ yín, kí ẹ gbé e síbì kan ní Old Town, àárín ìlú àtijọ́ ibẹ̀, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí ẹ óò fi lọ sílé. Ọ̀pọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí ibẹ̀ kò gba owó. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, àwọn ilé àwòrán ń ṣílẹ̀kùn fún ArtWalk. Èrò àlejò ló ń wá síbẹ̀, ẹ óò mọ̀ wọ́n: akẹ̀tẹ̀ kaboi tuntun tí ìwé iye owó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ìyàwó ọ̀la pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n wọ aṣọ kan náà. Lóṣù kẹta, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù baseball mẹ́ẹ̀ẹ́dógún máa ń wá ṣe ìdánrawò ní àyíká Phoenix, pápá kan sì wà nítòsí Old Town, nítorí náà èrò á máa wọ́ lọ wọ́ bọ̀.

Àárín ìlú Chandler, Gilbert àti Glendale náà ní ibi tí ẹ lè rìn fún wákàtí kan tàbí méjì. Wọ́n kéré, wọ́n sì tura. Ní Mesa, Mekong Plaza, ọjà àwọn ará Éṣíà lórí Dobson Road, ni mo máa ń mú àwọn àgbà lọ. Inú ilé ni, ó tutù, àwọn bàbá ará Fiẹtinámù á jókòó sídìí kọfí wọn, ẹ̀yin náà á sì kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti pákí dání bọ̀ wálé.

Ìgbésẹ̀ keje: Ibi tí ẹ óò lọ nígbà ooru

Ní ìdájí, ẹ lọ sétí odò àgbẹ́. Àwọn Hohokam, àwọn onílẹ̀ tó ń gbé ibí látijọ́, gbẹ́ odò káàkiri àfonífojì yìí fún oko wọn láti ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí àwọn òyìnbó dé lẹ́yìn ọdún 1860, ojú ipa odò wọn àtijọ́ ni wọ́n tún gbẹ́ padà. Ìdí tí wọ́n sì fi sọ ìlú náà ní Phoenix nìyẹn, orúkọ ẹyẹ àtẹnudẹ́nu tó ń jí dìde láti inú eérú. Lónìí, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà létí ọ̀pọ̀ nínú àwọn odò náà. Ní bí aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀, àwọn tó ń sáré, àwọn tó ń fa ajá, bàbá kan pẹ̀lú ìwọ̀, gbogbo wọn á ti wà níbẹ̀. Àwọn ẹja ńlá tí ẹ óò rí nínú omi náà ń ṣiṣẹ́, àwọn tó ń bójú tó odò ló kó wọn síbẹ̀ kí wọ́n máa jẹ ewé inú omi. Ẹ wá Arizona Falls, nítòsí 56th Street àti Indian School Road: omi ń ṣàn wálẹ̀ bí aṣọ títa, àwọn òkúta ìjókòó sì wà nídìí rẹ̀. Atẹ́gùn ibẹ̀ tutù ju ti títì.

Nígbà tí oòrùn bá ti mú, ẹ wọ Burton Barr, ilé ìkàwé ńlá lórí Central tí wọ́n ṣí lọ́dún 1995. Ọ̀fẹ́ ni, àga pọ̀, kò sí ẹni tó máa ní kí ẹ ra nǹkan. Ọgbà Hance Park wà nítòsí rẹ̀, ẹ padà wá síbẹ̀ nígbà òtútù: lábẹ́ koríko tí ẹ jókòó lé, ọ̀nà márosẹ̀ I-10 ń gbé ọkọ̀ kọjá, ẹ kò sì ní í gbọ́ ju ìró fẹ́ẹ́rẹ́. Mọ́ọ̀lù náà dára. Scottsdale Fashion Square fẹ̀, àwọn àgbàlagbà sì ń rìn kiri inú rẹ̀ láàárọ̀ láti na ẹsẹ̀. Ẹ dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Bí a ṣe ń wo èèyàn láìdi ẹni tó ń ṣọ́ èèyàn

Ẹ wá ibòòji kí ẹ tó wá ìjókòó. Lẹ́yìn ọ̀sán, apá ìlà oòrùn ilé ni ibòòji ń bọ́ sí, ó sì ń gùn sí i. Ẹ jókòó síbẹ̀, kí ògiri wà lẹ́yìn yín, kí ọ̀nà wà níwájú yín.

Ẹ má tẹjú mọ́ ẹnì kan. Ẹ jẹ́ kí ojú yín máa rìn bí ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá. Bí ojú yín bá ṣe mẹ́rin, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ ní "Hi". Bí wọ́n bá bi yín pé "How are you?", kíkí ni, wọn ò retí ìròyìn ara ríro. Mo ní láti ṣàlàyé èyí fún màmá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ má ya fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ, bó ti wù kó rẹwà tó, ẹ má sì na ọwọ́ sí i lórí.

Ẹ óò rí àwọn tí kò nílé, pàápàá láàárín ìlú àti nínú ọkọ̀ ojú irin. Ooru ibí ń pa wọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Wọn kì í ṣe ìran. Ẹ kí wọn bí ẹ ṣe ń kí èèyàn. Bí omi bá ṣẹ́ kù nínú kúlà yín, tí wọ́n bá fẹ́, ẹ fún wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ darí sílé

Kí agara tó dá àgbàlagbà ni kí ẹ dìde. Bí ẹ bá wa ọkọ̀ wá nígbà ooru, ẹ ṣílẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ìṣẹ́jú méjì, kí ooru inú rẹ̀ jáde kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Ẹ fi aṣọ tàbí ìnura bo sítíárìn, kí ẹ sì di ibi aṣọ bẹ́líìtì mú. Ẹ má fọwọ́ kan irin rẹ̀, ó lè bó yín lọ́wọ́. Ọmọdé ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ ìjókòó rẹ̀ wò, lẹ́yìn náà màmá, ẹ̀yin gan-an ló máa kẹ́yìn.